Jẹjẹrẹ Ọmú: Ẹ Bi Bàbá Yín Náà

Bí ọ̀dọ́ méjì bá ń fẹ́ra lóde òní, kí a tó mú ọjọ́ ìdána la ti ń béèrè pé ṣé AA ni wọ́n àbí AS. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń fi ọwọ́ bò: ta ni jẹjẹrẹ ọmú ti bá jà nínú ìran wa? Wọ́n á ní ayé ló ṣe é, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀, kí ọmọ má baà pàdánù ọkọ.

Gbogbo wa, lọ́kùnrin lóbìnrin, la ní jíìnì BRCA1 àti BRCA2. Iṣẹ́ wọn ni láti tún ohun tó bá bàjẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì ara ṣe. Bí a bá jogún èyí tó ní àbùkù, àtúnṣe yẹn kì í lọ déédéé mọ́. Nínú obìnrin 100 tó jogún irú rẹ̀, bí 70 ló lè ní jẹjẹrẹ ọmú kí wọ́n tó pé ẹni 80 ọdún.

Ẹ má pè é ní àrùn òyìnbó. Ní 2018, àwọn onímọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Ọlọ́padé wà lára aṣáájú wọn gbé àbájáde iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn jáde: nínú obìnrin 1,136 tó ní jẹjẹrẹ ọmú, 167 ló jogún àbùkù jíìnì tó ń fà á.

Ibi tí a ti ń ṣìnà ni pé ìdílé ìyá nìkan là ń wò. Bàbá tí nǹkan kan ò ṣe lè gbé jíìnì tó ní àbùkù yìí fún ọmọ rẹ̀. Bó ṣe lè mú ọmọ ló ṣe lè fò ó kọjá, ìdajì-ìdajì ni.

Bí ẹnì kan nínú ẹbí bá ti ní jẹjẹrẹ ọmú kó tó pé ẹni 50 ọdún, tàbí tí jẹjẹrẹ ọmú ṣe ọkùnrin kan, tàbí tí jẹjẹrẹ ilé ẹyin ṣe obìnrin kan, ẹ sọ fún dókítà. Òun ló máa mọ̀ bí àyẹ̀wò jíìnì bá yẹ. Bí wọ́n bá rí àbùkù náà lára ẹnì kan, kò túmọ̀ sí pé ó ti ní jẹjẹrẹ o. Wọ́n á kàn tètè máa ya àwòrán ọmú rẹ̀, láti bí ẹni 25 ọdún, kí kókó tó rí ààyè gbilẹ̀.

Kí ẹni tí kò jogún rẹ̀ má sùn o. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn obìnrin Ìbàdàn yẹn ni kò ní àbùkù náà. Kókó tí kò dunni ló ń tanni jù: bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ, kì í ṣe ìdí àgbo.

Kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ pe bàbá yín. Ẹ bi wọ́n ohun tó pa ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, àti ẹni ọdún mélòó ni ẹ̀gbọ́n náà nígbà tí àìsàn ọ̀hún bẹ̀rẹ̀.