Ọ̀rọ̀ Inú Ilé: Ìjà Àwọn Ẹ̀rọ Aláìlókùn

Ìyá kan ní Ṣágámù, tí ó ti ń ka ojú ìwé yìí láti ọjọ́ pípẹ́, kọ̀wé sí wa pé kọ̀ǹpútà ilé àwọn ti di ohun ìjà. Ìgbàkígbà tí ọmọkùnrin rẹ̀ bá jókòó láti ka ẹ̀kọ́ rẹ̀, ọfà kékeré tí máòsì ń darí a máa fò kiri bí tata, nẹ́tíwọ́ọ̀kì a sì máa lọ, a máa bọ̀. Baba ilé ní ọmọ náà ni ó ba ẹ̀rọ jẹ́, ó sì ti gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti ra máòsì tuntun, wọ́n sì ti ra ráútà tuntun, ṣùgbọ́n bákan náà ni gbogbo rẹ̀ rí. Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà ni ìyá yìí ti mẹ́nu kan ohun kan, bí ẹni pé kò jámọ́ nǹkan: ó ní ìyọnu náà bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti so hard disk kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń kó àwòrán ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n ọmọ náà sí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tí ì bá ọmọ náà wí.

Máòsì tí kò ní okùn, rédíò kékeré ni. Ó ń fi ìgbì rédíò ránṣẹ́ sí olùgbà rẹ̀, èyíinì ni ohun kékeré bí èékánná tí a ń kì bọ ihò USB. Ráútà pẹ̀lú, rédíò ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni Bluetooth. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ń sọ̀rọ̀ ní ibì kan náà nínú òfúrufú, láti nǹkan bí 2,400 MHz títí dé 2,483 MHz, nítorí pé ibẹ̀ ni a fi sílẹ̀ fún tẹrú tọmọ láti lò láìgba ìwé àṣẹ. Ẹni tí ó bá ti dúró láàrin àwọn oníṣòwò obì gbàǹja ní Sábó yóò mọ̀ pé, bí òun kò bá gbọ́ iye tí a pe ọjà, kì í ṣe pé etí òun di; ariwo ni ó pọ̀. Àwọn tí ó ní asọ̀rọ̀mágbèsì ní Èkó láti ọdún 1935 kò mọ irú wàhálà yìí, nítorí pé wáyà ni ó ń gbé ohùn wọ inú àpótí wọn, ojúlé kan kò sì dí èkejì lọ́wọ́.

Ẹ ó bi mí pé, kí ni ó kan hard disk, tí ó ní okùn tirẹ̀, tí kì í sì í ṣe rédíò? USB irú tuntun, USB 3.0, tí a gbé jáde ní ọdún 2008, yára ju ti ìṣáájú ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Eré yìí a máa mú kí ariwo rédíò máa jò jáde lára wáyà àti ihò rẹ̀, bí omi ti ń jò lára páìpù, a sì máa bọ́ sí àárín ibi tí máòsì àti ráútà ti ń sọ̀rọ̀. Ilé iṣẹ́ Intel ní Amẹ́ríkà wọn ariwo náà, wọ́n sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 2012. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé kò sí ohun tí ó bàjẹ́ rárá nínú ilé yín. Etí tuntun ni ẹ rà. Ariwo àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ dán an wò báyìí. Ẹ kọ́kọ́ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà kí ó tú hard disk náà sílẹ̀, kí àwòrán ìgbéyàwó má baà ṣòfò, kí ẹ tó yọ ọ́. Kí ẹ sì lo máòsì fún ìṣẹ́jú 5. Bí ó bá dákẹ́ ìranù rẹ̀, ẹ tún so hard disk náà padà. Bí àìsàn náà bá padà, ọwọ́ ti tẹ olè. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, nítorí ẹni tí ó bá lo oògùn mẹ́ta pọ̀ kì yóò mọ èwo ni ó wo òun sàn.

Ìwòsàn kò gbówó lórí. Ẹ gbé olùgbà máòsì lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì kọ̀ǹpútà. Èyí tí ó sàn jù lọ ni kí ẹ ra wáyà USB kúkurú tí a fi ń fa ihò gùn, kí olùgbà náà lè wà lórí tábìlì nítòsí máòsì. Bí kọ̀ǹpútà bá sì ní ihò USB irú àtijọ́, ẹ so hard disk mọ́ ọn. Inú ti àtijọ́ sábà máa ń dúdú, ti tuntun a sì máa ní àwọ̀ búlúù. Yóò lọ́ra, ṣùgbọ́n àwòrán kò bá ẹnikẹ́ni sáré.

Ní ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ wò ó bóyá ráútà tuntun yín ní ọ̀nà 5 GHz, kí ẹ sì so kọ̀ǹpútà mọ́ èyí, nítorí pé ariwo tí a wí yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ ọ́ lẹ́nu. Kì í la ògiri já dáradára, pàápàá ògiri alámọ̀ nínípọn irú èyí tí ó wà ní àwọn ilé àtijọ́ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ wa. Ẹ jẹ́ kí ráútà wà nínú yàrá kan náà. Bí ẹ bá rí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì rà, kí ẹ fi so méjèèjì pọ̀, èmi fẹ́ràn èyí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ṣì ń lọ lẹ́yìn èyí, tí a sì ti yọ hard disk, nígbà náà ni kí ẹ pe àwọn tí ń ta dátà fún yín.

Bí rísíìtì ráútà àkọ́rà tàbí ti tuntun bá ṣì wà lọ́wọ́, ẹ bi ọlọ́jà bóyá yóò gba ọ̀kan padà. Ẹ sì bá wa bẹ baba ilé kí ó dá kọ̀ǹpútà padà fún ọmọ náà ní alẹ́ òní, kí ó lè jókòó tì í nígbà tí ẹ bá ń ṣe àyẹ̀wò náà.