Híjáàbù Ọmọ Wa: Ẹ Jẹ́ Kí Ó Fi Ẹnu Ara Rẹ̀ Sọ Ọ́



Bí ọmọbìnrin wa bá wọ híjáàbù lọ sí ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, tàbí tí ó wọ ọkọ̀ lọ sí Oǹdó, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi bi í pé, “Ta ló fi ipá wọ èyí fún ọ? Ṣé ooru kò mú ọ ni?” Kò sí ẹni tí ó rò pé òun fúnra rẹ̀ ni ó yàn án.

Ẹ rántí Firdaus Amasa, tí ó kàwé òfin ní Yunifásítì Ìlọrin. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, ní Àbújá, wọn kò gbà á wọlé síbi tí wọ́n ti ń sọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ di lọ́yà, nítorí pé ó kọ̀ láti ṣí híjáàbù rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2018, wọ́n gbà á pẹ̀lú híjáàbù náà. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹfà, ọdún 2022, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a láre pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè wọ̀ ọ́ ní ilé-ìwé ìjọba l'Ékòó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wà lára àwọn tí ó pe ẹjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwa òbí náà ní ẹjọ́ tiwa. Òmíràn nínú wa ń pàṣẹ pé kí ọmọ wọ̀ ọ́, kò sọ ìdí rẹ̀ fún un. Bí iṣẹ́ bá ṣòro láti rí, òun kan náà ni yóò tún ní kí ó ṣí i. Ọmọ kò ní ohùn nínú méjèèjì. Bí aráyé bá wá bi í, “Bàbá mi ló ní kí n wọ̀ ọ́” nìkan ni yóò rí sọ.

Àwọn ọmọkùnrin wa ńkọ́? Nínú Súrátù Núúrù, áyà 30 kọ́kọ́ pàṣẹ fún ọkùnrin kí ó rẹ ojú rẹ̀ sílẹ̀, kí áyà 31 tó kan obìnrin. Mélòó nínú wa ni ó ń ka èyí fún wọn?

Àíṣà, ìyàwó Ànábì, kì í ṣe ẹni tí a pa lẹ́nu mọ́. Hádíìsì tí a gbà láti ẹnu rẹ̀ lé ní 2,000, àwọn ọkùnrin sì ń wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọbìnrin wa ní kéwú àti ìwé, kí a sì fara balẹ̀ gbọ́ ìbéèrè wọn. Ẹni tí ó bá mọ ìdí tí òun fi wọ híjáàbù, ẹ̀sín ọjà kò lè ṣí i lórí rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fẹsẹ̀ wa múlẹ̀. Àmín.