Bí Dráìfù Kejì Kò Bá Fẹ́ Tú Ẹrù Inú Rẹ̀ Sílẹ̀

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ kan tó ń da ọ̀pọ̀ ìdílé láàmú ni a fẹ́ yẹ̀ wò. Kí ni kí a ṣe nígbà tí fáìlì tó wà lórí dráìfù kejì láptọ́ọ̀pù kò bá fẹ́ kọjá síbi tí a ń kó o lọ?

Ní Sátidé kan, àbúrò wa kan tó ń gbé ní Mólípà, níhìn-ín ní Ìjẹ̀bú-Òde, gbé láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ rẹ̀ wá bá wa. Ìyá rẹ̀, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ta gàrí lọ́jà Òkè-Ajé, ti sùn nínú Olúwa, ìrántí ọdún kan sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn àwòrán ìyá, fídíò ọjọ́ ìbí ọgọ́rin ọdún rẹ̀, àti ohùn rẹ̀ níbi tó ti ń sọ ìtàn ìdílé wọn, orí dráìfù D ni gbogbo wọn wà. Ọjọ́ mẹ́ta ló ti fi ń gbìyànjú láti kó wọn jáde. Bí ó bá dé àárín, á dúró gbọnyin.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí i. Ohùn Màámi kò sí níbòmíràn.”

Ìwàǹwára ni àwa náà fi bẹ̀rẹ̀. A ń tẹ “Try Again” léraléra, nígbà tó sì di alẹ́, a fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ kí ó máa bá a jà títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí a jí, inú rẹ̀ ti ń dún kọ́-kọ́-kọ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń kan ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni a ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ bá yín sọ yìí: bí fáìlì kò bá kọjá, ẹ má ṣe tún un gbìyànjú kí ẹ tó mọ ohun tó dí i lọ́nà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

ǸJẸ́ DRÁÌFÙ KEJÌ NI LÓÒÓTỌ́?

Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ló ń fi C àti D hàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló ní disk méjì. Nínú àwọn kan, disk kan ṣoṣo ni a pín sí yàrá méjì; bí disk náà bá kú, yàrá méjèèjì ló bá a lọ. Nínú àwọn mìíràn, disk méjì ni lóòótọ́: ọ̀kan tó yára tí à ń pè ní SSD, níbi tí Windows ń gbé, àti hard disk ńlá tó dà bí àká tí a ń kó ẹrù sí.

Láti mọ èyí tí tiyín jẹ́, ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ Start, kí ẹ sì yan Disk Management. Bí C àti D bá wà pa pọ̀ níwájú Disk 0, disk kan ni. Bí D bá dá wà níwájú Disk 1, disk kejì ni. Ẹni tó bá kó ẹrù láti C sí D lórí disk kan náà, kò tíì fi nǹkan kan pamọ́.

Ẹ KA OHUN TÍ Ẹ̀RỌ Ń SỌ

Ẹ̀rọ kì í sábà dákẹ́ bí nǹkan bá ṣe é. Ẹ jẹ́ kí a to àwọn ohun tó máa ń sọ lẹ́sẹẹsẹ.

1. Bí ó bá sọ pé “The file is too large for the destination file system”, kò sí ohun tó ṣe dráìfù yín. Fíláàṣì tí ẹ fẹ́ kó o sí ni ẹnu rẹ̀ kéré. Ọ̀nà àtijọ́ tí à ń pè ní FAT32 ni wọ́n fi tò ó, kò sì lè gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó 4 GB, bí àyè 60 GB tilẹ̀ ṣófo nínú rẹ̀. Fídíò ìgbéyàwó tàbí ti ìsìnkú lè ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ kó ohun tó wà lórí fíláàṣì náà síbòmíràn, kí ẹ wá ṣe Format rẹ̀ sí exFAT. Fíláàṣì ni kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí o, kì í ṣe dráìfù D! Ẹ wo lẹ́tà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí Format ń pa gbogbo nǹkan rẹ́.

2. Bí ó bá sọ pé “Access Denied”, ó lè jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Windows tuntun sórí C ni. Windows tuntun kò dá onílé àtijọ́ mọ̀. Ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ fólídà náà, ẹ yan Properties, Security, àti Advanced. Níwájú Owner, ẹ tẹ Change, kí ẹ sì kọ orúkọ tí ẹ fi ń wọ ẹ̀rọ náà síbẹ̀. Ohun tó jẹ́ tiyín nìkan ni kí ẹ ṣe èyí sí.

3. Bí ó bá sọ pé “Destination Path Too Long”, orúkọ ló gùn jù. Fólídà wà nínú fólídà, òmíràn tún wà nínú rẹ̀, bí ìgbà tí a ń ki ènìyàn láti orí baba ńlá rẹ̀. Níbi púpọ̀ nínú Windows, bí gbogbo orúkọ náà bá ti ju nǹkan bí lẹ́tà 260 lọ, kò ní gbà. Ẹ gé orúkọ àwọn fólídà náà kúrú.

4. Bí D bá ń lọ tó ń bọ̀, ó lè jẹ́ pé okùn tàbí ibi tí disk náà ti wọlé ti dẹ̀, pàápàá bí oníṣẹ́ bá fi í sí àyè tí CD ń wọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ ṣí i wò. Ṣùgbọ́n bí Windows bá ní kí ẹ ṣe “Initialize” tàbí “Format”, Cancel ni kí ẹ tẹ̀.

5. Bí ó bá sọ pé “I/O device error” tàbí “Cyclic redundancy check”, tí ó ń falẹ̀ bí ìgbín, tàbí tí ó ń kan ilẹ̀kùn bíi tiwa, ẹ dúró. Ó ṣeé ṣe kí disk náà máa kú lọ.

BÍ DISK BÁ Ń KÚ LỌ

Ní ọdún 1956 tí ilé iṣẹ́ IBM gbé hard disk àkọ́kọ́ jáde, àwo 50 ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ náà tóbi bíi kọ́bọ́ọ̀dù ńlá, síbẹ̀ ohun tó lè gbà kò ju nǹkan bí 5 MB lọ. Àwòrán fóònù kan tàbí méjì lè kún un lónìí. Ti òde òní kéré, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe: àwo ń yí, nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù nígbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan, apá kékeré kan sì ń kà á. Bí ojú ibì kan bá bàjẹ́, apá náà á máa padà síbẹ̀ léraléra. Ìdí nìyẹn tí gbogbo nǹkan fi ń dúró. Nítorí náà, ìyà ni a fi gbogbo òru yẹn fi jẹ disk aláìsàn.

Ẹ má ṣe CHKDSK sí i kí ẹ tó kó ẹrù jáde. Ẹ gbé ẹ̀rọ náà sórí tábìlì, kí bátìrì rẹ̀ kún, kí ẹ má sì gbé e kiri. Ẹ kọ́kọ́ kó ohun tí owó kò lè rà padà, díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá kọ̀, ẹ tẹ Skip, kí ẹ máa bá tòkù lọ. A ṣí Command Prompt, a sì kọ èyí síbẹ̀:

robocopy D:\Iya E:\Iya /E /R:1 /W:1

D ni ibi tí ẹrù wà, E ni disk tuntun tí a so mọ́ ọn. R:1 ń sọ fún un pé kí ó tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan péré. W:1, pé kí ó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ìgbà mílíọ̀nù kan ni robocopy yóò gbìyànjú lórí fáìlì kan, yóò sì máa dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30 láàárín wọn!

Bí Windows kò bá rí disk náà mọ́ rárá, ẹ pa á, kí ẹ gbé e fún àwọn tó ń gba ẹrù inú disk jáde. Ẹ má ṣe tú disk fúnra rẹ̀. Eruku díẹ̀ tó láti bà á jẹ́.

Ohùn ìyá ni a kọ́kọ́ kó, ó sì jáde pérépéré. Nínú àwòrán 214, a rí 203. Fídíò ọjọ́ ìbí kò jáde. Ó dun àbúrò wa, ó sì dun àwa náà, nítorí a kò mọ̀ bóyá ìbá ti jáde ká ní a kò lò ó ní gbogbo òru. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fi èyí tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp nígbà náà ránṣẹ́ padà. Kò mọ́ lójú tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ìyá ń jó nínú rẹ̀.

KÍ Ẹ TÓ PA TI ÀKỌ́KỌ́ RẸ́

Copy ni kí ẹ máa lò, kì í ṣe Cut, nítorí iná ìjọba lè lọ lágbedeméjì. Bí ó bá parí, ẹ ṣí Properties fólídà méjèèjì, kí iye fáìlì àti ìwọ̀n wọn bára mu. Ẹ ṣí àwòrán díẹ̀, ẹ wo fídíò dé ìparí. Ẹ tẹ Eject kí ẹ tó yọ fíláàṣì. Ohun tó bá ṣọ̀wọ́n, ẹ jẹ́ kí ó wà níbi mẹ́ta, kí ọ̀kan sì wà lóde ilé yín, lọ́dọ̀ ọmọ tàbí ẹbí.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Bí ohùn òbí yín bá wà lórí dráìfù kan ṣoṣo, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe òmíràn kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú. Ó dìgbà kan ná.