Ìrísí-Lẹ́tà Nínú Ìwé Ìlànà Yunifásítì

Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ ni irú lẹ́tà tí a fi ń tẹ ìwé ìlànà. Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀, tí a dá sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ ní ọdún 1981, ní oko, ó sì ní ọkọ̀. Bí a bá fẹ́ kọ ìlànà méjèèjì ní èdè Yorùbá, tí akọ̀wé sì fa ìlà sí abẹ́ àkọlé gẹ́gẹ́ bí àṣà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́, ìlà náà lè bo àmì ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí àmì ohùn bá tún sọnù, ta ni yóò mọ̀ bóyá oko ni a kà léèwọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ọkọ̀?

Ohun tí ó fa ìṣòro yìí kò farasin. Nínú Unicode, ẹ àti ọ ní ipò tiwọn. Ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Kọ̀ǹpútà ni yóò so lẹ́tà àti àmì ohùn pọ̀. Ìrísí-lẹ́tà tí a kò ṣe fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè gbé àmì sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà.

Àwọn kan yóò ní kí a yọ àmì kúrò kí iṣẹ́ lè yá. Àwa kò gbà. Òfin tí a lè kà sí ọ̀nà méjì, ìjà ni yóò dá sílẹ̀.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí Àkúrẹ́ àti ilé-ẹ̀kọ́ Adéyẹmí ní Oǹdó, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ Yorùbá, fohùn ṣọ̀kan lórí ìrísí-lẹ́tà kan. Kí a fi lẹ́tà tí ó nípọn kọ àkọlé dípò fífa ìlà. Kí àyè àárín ìlà sì fẹ̀, kí orí àmì má baà gé. A dábàá 'ìrísí-lẹ́tà' fún fọ́ǹtì, àti 'ìtò ojú-ìwé' fún ọ̀nà tí a ń gbà to àkọlé, ìlà àti àyè.