Ataare Apòmù àti Ọ̀rọ̀-Orúkọ Aṣeékà



Bí ọmọ ilé-ìwé bá kọ 'advices', 'luggages' tàbí 'equipments', olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì á fi bírò pupa fà á. Èmi kò bá a jà, òfin Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Ohun tí mo takò ni kí ó tún sọ fún ọmọ náà pé ìmọ̀ràn kò ṣeé kà. Ta ní wí bẹ́ẹ̀? Ìmọ̀ràn méjì, ẹrù mẹ́ta, irinṣẹ́ mẹ́rin: gbogbo rẹ̀ ló tọ̀nà lẹ́nu wa. Ọmọ náà kò gọ̀. Yorùbá ló fi ń kà.

Ẹ wá wo ẹ̀wà. Aṣeékà ni 'beans' lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n àwa kì í sọ pé ẹ̀wà mẹ́ta. Ẹyọ ẹ̀wà mẹ́ta ni, tàbí kóńgò mẹ́ta. Owó ńkọ́? Aláìṣeékà ni 'money'. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ń ka owó ẹyọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, 40 sí okùn kan, 20,000 sí ọ̀kẹ́ kan.

Ní Ìkòyí (kì í ṣe ti Èkó o, ti ẹ̀bá Ìkirè àti Apòmù ni mò ń wí), kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí. Ọjà Apòmù ni ìjà ataare ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín ará Òwu àti ará Ìjẹ̀bú. Ìtàn ní kíkà ni wọ́n ń ka ataare tà. Iye ẹyọ inú òkìtì ló dìjà. Òwò ẹrú àti ọ̀tẹ̀ ìlú sí ìlú ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ataare ló ṣáná sí i. Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú gbógun ti Òwu títí ìlú náà fi tú; ọ̀pọ̀ nínú wọn ló tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta nígbẹ̀yìn. Bí a bá tẹ̀lé àkójọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ iyọ̀ àti iyanrìn ni ataare ì bá wà!

Nítorí náà, kí olùkọ́ Yorùbá yé túmọ̀ àkójọ onílé-onílé. Kí ó bi ọmọ pé: ṣé iye lè tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yìí tààrà, àbí ó ń wá ẹyọ, kóńgò tàbí ìgò? Ìgò epo méjì ni a ń wí, a kì í wí pé epo méjì. Omi náà rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí omi inú ọ̀rá ti dé, ẹni òùngbẹ ń gbẹ á na owó sí ọlọ́jà, á ní, "Ẹ fún mi ní omi méjì." Ọlọ́jà kì í bi í pé ìgò mélòó.