Ọjọ́ Mélòó Ni Ó Tó Láti Du Iṣẹ́ Ìjọba?

Àwọn àgbà ní ọmọ tí ó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ ni ó ń bá àgbà jẹun. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n bí onílé bá gbé omi ìwẹwọ́ pamọ́ títí oúnjẹ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú àwo, ta ni a ó bá wí, ọmọ ni tàbí onílé? Ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí á gbé yẹ̀ wò nípa ọ̀nà tí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ kan ń gbà gbé iṣẹ́ fún àwọn olùdámọ̀ràn.

Iṣẹ́ tí à ń wí yìí kì í ṣe ti pípo sìmẹ́ǹtì tàbí kíkó òkúta sí ojú ọ̀nà. Iṣẹ́ ọpọlọ ni. Òun ni kí awọnlẹ̀ wọn ilẹ̀ tí a fẹ́ fi ṣe ọjà tuntun, kí ẹnjiníà ya àwòrán afárá kí ó sì máa ṣọ́ agbaṣẹ́ṣe tí ó ń kọ́ ọ, kí oníṣirò owó yẹ ìwé ìnáwó wò, kí onímọ̀ nípa omi sọ ibi tí a ó gbẹ́ kànga sí. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó ń gbé ní Kaduna, Jos, Kano, Minna àti Makurdi ni ó ń fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹun. Àwọn bàbá wọn ni ó bá ọkọ̀ ojú irin lọ sí Òkè Ọya, tí wọ́n ta aṣọ, tí wọ́n ṣe akọ̀wé, tí wọ́n ṣe kápẹ́ńtà. Àwọn ọmọ lọ sí yunifásítì, wọ́n gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n sì dá ilé iṣẹ́ kékeré sílẹ̀ ní ìlú tí a gbé bí wọn.

Bí ọ̀ràn náà ti sábà máa ń rí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ nìyí. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ẹnjiníà ṣí ìwé ìròyìn, ó rí ìkéde pé ìjọba ìpínlẹ̀ ń wá olùdámọ̀ràn lórí àtúnṣe omi ẹ̀rọ. Inú rẹ̀ dùn, nítorí iṣẹ́ tí ó mọ̀ dunjú ni. Ó ka ìkéde náà dé ìsàlẹ̀, ó rí i pé aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ni a ó ti àpótí pa. Ọjọ́ náà kò ju méjìlá lọ, Àbámẹ́ta kan àti Àìkú kan sì wà nínú wọn.

Kí ni yóò ṣe láàárín ọjọ́ méjìlá náà? Yóò wá ìwé ẹ̀rí owó orí ọdún mẹ́ta. Yóò wá ẹ̀rí pé òun ń san owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ òun. Yóò wá ìwé ìṣirò owó tí ayẹ̀wé-owó-wò ti fọwọ́ sí, àti ìtàn iṣẹ́ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí olúwarẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ọwọ́ lù. Yóò tún wá lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ti ṣiṣẹ́ fún rí, kí wọ́n jẹ́rìí pé ó parí iṣẹ́ náà bí ó ti yẹ. Òmíràn nínú ìwé wọ̀nyí, Abuja ni a ti ń gbà á. Gbogbo èyí ni yóò ṣe kí ó tó mú kálámù láti kọ ọ̀nà tí yóò gbà ṣe iṣẹ́ náà gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni, nínú ọ̀pọ̀ irú ìdíje yìí, ìwé tí ó ṣàlàyé ọ̀nà iṣẹ́ àti ìmọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ni ó ń gba 70 tàbí 80 nínú 100 máàkì, tí iye owó sì ń gba ìyókù. Ẹni tí kò ní àkókò láti ronú ti pàdánù níbi tí ẹrù wúwo sí.

Òfin kò dákẹ́ lórí ọ̀ràn yìí. Nínú òfin tí Ìjọba Àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2007 lórí rírà ọjà àti gbígbé iṣẹ́ jáde, abala 48 sọ pé láti ọjọ́ tí a bá ti béèrè ìwé àbá lọ́wọ́ olùdámọ̀ràn títí di ọjọ́ gbèdéke, ọjọ́ náà kò gbọdọ̀ dín ní 30. Abala yìí kan náà ni ó sọ pé kí ìwé iṣẹ́ àti ìwé iye owó wà nínú àpò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí a mú wọn wá papọ̀, kí a má sì ṣí ti owó títí a ó fi yẹ ti iṣẹ́ wò. Òun náà ni ó pàṣẹ pé ìwé tí ó bá pẹ́ dé, kí a dá a padà fún olówó rẹ̀ láì ṣí i.

Ẹ kíyè sí i pé okùn kan ni òfin fi so ọwọ́ méjèèjì. Ó so ọwọ́ ẹni tí ń du iṣẹ́ pé kò gbọdọ̀ pẹ́, ó sì so ọwọ́ ìjọba pé kò gbọdọ̀ kánjú. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ni a sábà máa ń rántí. Bí ẹnjiníà bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ́, a ó ka òfin sí i létí. Bí iléeṣẹ́ ìjọba bá fún un ní ọjọ́ 12 dípò 30, a ó ní iṣẹ́ náà jẹ́ kánjúkánjú.

Lóòótọ́, òfin ọdún 2007 kò de owó tí ìpínlẹ̀ ń ná fúnra rẹ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣe tirẹ̀. Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2011, Kaduna ṣe tirẹ̀ ní 2016. Ní 2018, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ètò kan tí owó rẹ̀ jẹ́ 750 mílíọ̀nù dọ́là, láti mú kí àwọn ìpínlẹ̀ máa ná owó ìlú ní gbangba, òfin ìgbaṣẹ́ sì wà lára ohun tí ètò náà béèrè. Nítorí náà, ẹni tí ó ń gbé ní ìdálẹ̀ kò gbọdọ̀ ka òfin Abuja nìkan. Kí ó wá òfin ìpínlẹ̀ tí ó ń gbé, kí ó mọ iye ọjọ́ tí ó tọ́ sí i níbẹ̀.

Ta ni ọjọ́ kúkúrú ń ṣe láǹfààní? Kì í ṣe ẹni tí ó mọ iṣẹ́ jù. Ẹni tí ó ti gbọ́ kí ìkéde tó jáde ni. Olúwarẹ̀ ti ní àbúrò nínú iléeṣẹ́ náà, ó ti fi oṣù méjì kọ ìwé rẹ̀, ìkéde wá dàbí agogo tí a lù lẹ́yìn tí ìsìn ti parí. Àlejò kò ní irú àbúrò bẹ́ẹ̀. Ìwé ìròyìn ni àbúrò rẹ̀. Bí ìwé ìròyìn bá wá sọ̀rọ̀ nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú, a ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ àlejò síta láì sọ fún un pé kí ó má wọlé. Kì í sì ṣe òun nìkan ni ó ń jìyà rẹ̀. Ìlú tí ó gba àwòrán afárá tí a fi ìkánjú yà, tàbí tí ó gbẹ́ kànga sí ibi tí kò sí omi, yóò san owó iṣẹ́ náà ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní àwáwí tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní owó máa ń pẹ́ dé, bí ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá bá sì kọjá, àǹfààní àtiná a lè bọ́. Èyí kì í ṣe irọ́. Àmọ́ ohun tí a ti kọ sínú ìwé ìṣúná láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kò yẹ kí ó di ìròyìn òjijì nínú oṣù kọkànlá. Nítorí èyí ni òfin 2007 ṣe ní kí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ètò ìgbaṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú.

Àwọn mìíràn sì wí pé owó ìpínlẹ̀, ti ọmọ ìpínlẹ̀ ni. Ó yẹ kí á fi sùúrù dá wọn lóhùn. Owó orí tí à ń san lórí owó tí ń wọlé fúnni, ìpínlẹ̀ tí ènìyàn ń gbé ni ó ń gbà á, kì í ṣe ìpínlẹ̀ tí a ti bí baba rẹ̀. Abala 42 nínú Ìwé Òfin ọdún 1999 náà kò fẹ́ kí á tìtorí ibi tí ọmọ Nàìjíríà ti wá fi ìyà jẹ ẹ́. Ìpínlẹ̀ 12 ni a ní ní 1967, wọ́n di 19 ní 1976, 21 ní 1987, 30 ní 1991, 36 ní 1996. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ẹnìkan sùn gẹ́gẹ́ bí onílé, ó jí gẹ́gẹ́ bí àlejò, ní ìlú tí òun fúnra rẹ̀ bá wọn wọn ọ̀nà rẹ̀. Kò burú bí ìjọba bá fẹ́ ran ilé iṣẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Kí ó kọ ọ́ sínú ìwé ìdíje, kí ó sọ iye máàkì tí yóò fi kún un, kí gbogbo ènìyàn rí i. Ohun tí kò dára ni kí á fi ọjọ́ kúkúrú bo ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Ọmọ Igbo tàbí Hausa tí ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ yẹ kí ó rí ọjọ́ tirẹ̀ gbà pé.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà ní ìdálẹ̀ náà ní ẹ̀bi tiwọn. Ẹni tí ìwé owó orí rẹ̀ ti kú láti ọdún méjì kò lè sọ pé gbèdéke ni ó pa òun. Inú oṣù kìn-ín-ní ọdún ni ó yẹ kí á tún àwọn ìwé wọ̀nyí gbà, kí á kó wọn sínú fáìlì kan. Ọjọ́ tí a bá fa iṣẹ́ lé olówó rẹ̀ lọ́wọ́ ni kí á ti gba lẹ́tà ẹ̀rí, nítorí ọ̀gá tí ó mọ̀ wá lónìí lè ti fẹ̀yìn tì lọ́la. Kí á ka ìwé ìṣúná ìpínlẹ̀ nígbà tí ó bá jáde, ibẹ̀ ni iṣẹ́ tí ń bọ̀ ti kọ́kọ́ ń yọjú. Kí á máa wo pátákó ìkéde àti ojú ìwé ìjọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ohun kan kò bá yé wa nínú ìwé ìdíje, kí á kọ̀wé béèrè kíákíá, kí á má dúró di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn. Kí á fi ìwé sínú àpótí ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí á sì gba ìwé ẹ̀rí tí ó ní ọjọ́ àti aago lára.

Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Awọnlẹ̀ kan ní ọ̀tọ̀, ẹnjiníà kan ní ọ̀tọ̀, kò lè borí ilé iṣẹ́ ńlá. Kí wọ́n dá ẹgbẹ́ iṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì mú ọmọ ìbílẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ mọ́ra ní tòótọ́, kì í ṣe kí wọ́n ya orúkọ rẹ̀ lò fún owó kékeré. Kí ẹnikẹ́ni má sì ra àṣírí lọ́wọ́ akọ̀wé, nítorí ọ̀nà tí a fi owó là kì í pẹ́ dí mọ́ ẹni tí ó là á. Bí a bá sì rẹ́ wọn jẹ, kí wọ́n fi ẹjọ́ sùn bí òfin ti wí. Ní abẹ́ òfin 2007, ọjọ́ iṣẹ́ 15 ni ẹni tí ọ̀ràn dùn ní láti kọ̀wé sí ọ̀gá tí owó iléeṣẹ́ náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, láti ìgbà tí ó bá ti mọ̀ nípa rẹ̀.

Ohun tí a ń bẹ ìjọba fún kò pọ̀. Kí ọjọ́ 30 jẹ́ ọjọ́ 30. Kí ìkéde jáde lọ́jọ́ kan náà nínú ìwé ìròyìn, lórí pátákó àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ìdáhùn tí a fún ẹnìkan dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Bí gbèdéke bá ní láti sún síwájú, kí ó sún fún tọmọdé tàgbà. Lẹ́yìn èyí, bí àlejò bá pàdánù, yóò mọ̀ pé ẹni tí ó mọ iṣẹ́ jù ú lọ ni ó borí, yóò sì padà lọ kọ́ṣẹ́ sí i. Kí á gbé omi jáde lásìkò. Ẹni tí kò bá wẹ ọwọ́ nígbà náà, ẹ̀bi ara rẹ̀ ni.