Lagos Yìí Kì í Ṣe Èkó Wa

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo ní ẹjọ́ kan láti rò níwájú yín. Nígbà ìsinmi tí ó kọjá, mo wà ní Ọ̀ṣogbo, ní ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá mi tí í ṣe ọmọ Iléṣà. Àlejò kan mú àwòrán ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì jáde. Lábẹ́ rẹ̀ ni a kọ "HMS Lagos" sí. Ó ní, "Ẹ kò rí i bí òyìnbó ti fẹ́ràn Èkó wa tó! Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọkọ̀ ogun." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èmi nìkan ni n kò pa á, wọ́n sì pè mí ní aláìmoore.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ilé tí ọkọ̀ yìí ti wá. Ọdún 1944 ni wọ́n tì í sínú omi, ó sì wà nínú ọ̀wọ́ ọkọ̀ tí wọ́n fi orúkọ àwọn ogun tí Gẹ̀ẹ́sì ti jà sọ. Trafalgar wà nínú wọn, Cadiz wà nínú wọn. Ogun Lagos tí wọ́n ń rántí ni èyí tí Boscawen, ọ̀gá ọkọ̀ ogun wọn, fi ṣẹ́gun àwọn Faransé ní oṣù kẹjọ ọdún 1759, nítòsí ìlú Lagos tí ó wà ní ilẹ̀ Pọtogí. Kò kan Èkó rárá. Lagos tí a ń pe Èkó pàápàá, Pọtogí ni ó fún un.

Ìjẹ̀ṣà-Iṣu wà ní Èkìtì, Ìjẹ̀ṣàtẹ̀dó sì wà ní Èkó. Bí ẹnìkan bá dá Ìjẹ̀ṣà-Iṣu lọ́lá, ṣé ará Iléṣà yóò torí ìyẹn lu gbẹ̀du?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó mọ Èkó ní tòótọ́, orúkọ wọn kò pamọ́. Bloodhound àti Teazer wà nínú àwọn tí ó wá ní oṣù kejìlá ọdún 1851, tí wọ́n ń yin àgbá sí ìlú títí Kòsọ́kọ́ fi sá, tí wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Prometheus ni ó dúró lórí ọ̀sà ní oṣù kẹjọ ọdún 1861, nígbà tí Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí ọta àgbá bà kò pàtẹ́wọ́.

Ẹlòmíràn yóò ní, "HMS Nigeria ńkọ́?" Òtítọ́ ni, ilẹ̀ wa ni ìyẹn ń jẹ́. Ọdún 1939 ni wọ́n tì í sómi, ó sì wà ní ọ̀wọ́ kan náà pẹ̀lú Kenya, Uganda àti Jamaica: bí ẹní ń ka ẹrù ilé rẹ̀. Wọ́n tà á fún Íńdíà, ó sì di Mysore ní 1957. Ẹni tí ó ni ẹrú ni í sọ ọ́ lórúkọ; bí ó bá tà á, ẹni tí ó rà á a tún un sọ.

Ṣé mo kórìíra kí ọkọ̀ máa jẹ́ orúkọ ìlú ni? Rárá o. Ọkọ̀ ogun Nàìjíríà ti jẹ́ Ìbàdàn, òmíràn ti jẹ́ Ẹ̀pẹ́. Zaria tí ó jìnnà sí òkun pàápàá ní tirẹ̀. Àwa fúnra wa ni a sọ wọ́n. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ni ó mọ̀ pé Ìbàdàn àkọ́kọ́ bọ́ sọ́wọ́ Biafra ní 1967, pé ó rì ní Bonny ní ọdún náà, tí ọmọ ilẹ̀ kan náà ń yìnbọn lu ara wọn, àti pé a tún fi orúkọ náà sọ òmíràn? Ìtàn yẹn ni ó yẹ kí ilé ẹ̀gbọ́n màmá mi gbọ́, kì í ṣe ti Pọtogí.

Bí ọjọ́ kan bá dé tí ọkọ̀ kan yóò máa jẹ́ Iléṣà tàbí Ọ̀ṣogbo, ohun méjì ni n óò béèrè: ta ni ó sọ ọ́, nítorí kí sì ni? Bí ìdáhùn bá dára, èmi ni n óò kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.